Eyín Tó Dákẹ́ Lẹ́nu Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń sáré ní pápá ilé ìwé, ó kọsẹ̀, ó fẹnu balẹ̀. Igun eyín iwájú kan lókè ṣẹ́, ètè wú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Wọ́n fi omi tútù fọ ẹnu rẹ̀, wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n fún un ní parasítámọ́ọ̀lù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti ń fi eyín náà gé búrẹ́dì. Gbogbo ilé gbàgbé. Oṣù márùn-ún kọjá, kókó kékeré kan bí oówo yọ lórí èrìgì, lókè eyín yẹn gan-an. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọyún jáde. Ìyá gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì máa tẹnu rẹ̀ jáde ni pé: "Kò kúkú dùn ún."

Inú ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀ràn wà. Eyín tó ń dun ọmọ lẹ́yìn ìṣubú sábà máa ń ní ohun ààyè nínú síbẹ̀. Eyín tó dákẹ́ lè ti sàn lóòótọ́, ó sì lè ti kú, ẹnu kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ fún wa. Lọ́dọ̀ àgbàlagbà, eyín tó kú ṣeé tọ́jú nígbàkigbà. Lọ́dọ̀ ọmọ kékeré, gbogbo oṣù tó bá kọjá ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ eyín náà. Ìtọ́jú tó lè mú gbòǹgbò irú eyín bẹ́ẹ̀ tún dàgbà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Eyín iwájú òkè méjèèjì tó tóbi jù máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá wà láàárín ọdún 7 sí 8. Bí a ṣe rí i tó funfun tó sì gùn, a ó rò pé ó ti parí. Orí rẹ̀ nìkan ló parí. Gbòǹgbò tó wà nínú egungun ṣì ń lọ lọ́wọ́, yóò sì tún gba nǹkan bí ọdún 2 sí 3 kó tó gùn dé ibi tó yẹ, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì tó pa dé. Ṣáájú ìgbà náà, ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ṣí sílẹ̀ bí ẹnu àrọ, ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Ẹran rírọ̀ tó wà láàárín eyín, tí mo fẹ́ máa pè ní mùdùnmúdùn eyín, ni bíríkìlà tó ń mọ ògiri náà láti inú, ìpele lórí ìpele. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára gba ẹnu àrọ yẹn wọlé bá a. Bí ìṣubú bá já àwọn iṣan wọ̀nyí, tàbí tí kòkòrò àrùn bá gba ibi tó ṣẹ́ wọlé, bíríkìlà kú lẹ́nu iṣẹ́. Ògiri dúró síbi tó bá a dé. Ọmọ ń dàgbà, eyín rẹ̀ kò dàgbà mọ́: yóò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú gbòǹgbò ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ìtọ́jú gbòǹgbò tí àgbàlagbà ń gbà kò bá irú eyín yìí mu. Wọ́n máa ń gbẹ́ inú ihò gbòǹgbò, wọ́n á wá fi ohun kan bí rọ́bà dí i títí dé ṣóńṣó. Ṣóńṣó tó fún ni ó ń gba rọ́bà náà dúró. Níbi tí kò ti sí ṣóńṣó, ṣe ni ẹni tó ń dí i ń rọ ọkà sínú ìgò tí kò ní ìdí. Tí wọ́n bá sì ní kí àwọn fi irin ha ògiri bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbà, èyí tó fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ á tún fẹ́lẹ́ sí i.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi calcium hydroxide kún inú gbòǹgbò, ohun funfun tó dà bí ẹfun tí a pò mọ́ omi. Alfred Frank ní Amẹ́ríkà ló kọ nípa ọ̀nà náà ní 1966 tí ó fi tàn káàkiri. Wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, fún oṣù 6 sí 18, nígbà míì kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí nǹkan líle kan yóò fi dí ẹnu àrọ náà. Ó ń dí i lóòótọ́. Àmọ́ ògiri kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn sí i, ọmọ á jẹ àgbàdo lọ́jọ́ kan, eyín á dá lọ́rùn, létí èrìgì. Ní 1992, Miomir Cvek ní Sweden fi hàn pé bí gbòǹgbò bá ṣe kéré tó nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ni irú dídá bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Jens Andreasen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark fi eyín àgùntàn dán an wò, wọ́n rí i pé bí calcium hydroxide bá pẹ́ nínú eyín, agbára eyín ń lọ sílẹ̀, tó fi sún mọ́ ìdajì láàárín ọdún kan. Ohun tó ń tọ́jú eyín ló tún ń jẹ ẹ́.

MTA dé ní àwọn ọdún 1990, láti ọ̀dọ̀ Mahmoud Torabinejad ní Loma Linda, California. Ìyẹ̀fun kan ni, ìbátan sìmẹ́ǹtì tí a fi ń kọ́lé. Àwàdà kọ́: láti ara sìmẹ́ǹtì Portland ni wọ́n ti mú un, ó sì ń le nínú omi gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀. Pẹ̀lú MTA, dókítà lè dí ẹnu àrọ náà ní ìjókòó kan tàbí méjì, nípọn nǹkan bíi 4 mm. Ọ̀nà tó dára ni, ó sì ṣì wà lónìí. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni pé kó mú gbòǹgbò dàgbà.

Ibẹ̀ ni ìtọ́jú tí ń jí gbòǹgbò ti wọlé. Èrò inú rẹ̀ ti pẹ́. Nygaard-Østby ní Norway ti ń dán an wò ní 1961 pé kí ẹ̀jẹ̀ kún inú gbòǹgbò tó ṣófo, kí a wo ohun tí yóò hù níbẹ̀. Ìṣòro ìgbà náà ni kòkòrò. Ní 2001, Iwaya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ròyìn eyín ọmọ ọdún 13 kan tó ti ní ọyún. Dípò kí wọ́n gbẹ́ gbogbo inú rẹ̀, wọ́n pa kòkòrò, wọ́n fi ohun ààyè tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀, gbòǹgbò náà sì tún ń dàgbà. Ní 2004, Banchs àti Trope kọ ìlànà tí a lè tẹ̀ lé: fọ inú rẹ̀, fi oògùn sí i, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọlé, dí i pa. Ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó ìtọ́jú yìí kì í fẹ́ rántí: eyín ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni méjèèjì, kì í ṣe eyín iwájú tí ilẹ̀ gbá. Màá padà sórí èyí.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kó dá dókítà lójú pé eyín náà ti kú. Iṣẹ́ tó le nìyẹn. Wọ́n máa ń fi òwú tútù kan eyín láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ́. Eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá nǹkan lè má gbọ́ tútù fún oṣù mẹ́ta gbáko, kó sì tún jí fúnra rẹ̀. Àwọ̀ eérú lára eyín nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó bá yára lu ihò sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì lè pa ohun tí ì bá yè. Ẹ̀rí tó dára ju lọ, lójú tèmi, ni àwòrán X-ray méjì tí wọ́n yà ní oṣù díẹ̀ síra wọn, tí eyín iwájú méjèèjì sì hàn nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ibejì ni eyín méjì yẹn, ọjọ́ orí kan náà. Bí gbòǹgbò ti ọ̀tún bá ń gùn tí ihò inú rẹ̀ sì ń fún, tí ti òsì wá dúró gbagidi síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé. Bí òkùnkùn kan bá tún yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká nínú egungun, tàbí tí kókó ọyún yọ sórí èrìgì, kò sí ohun tí à ń dúró dè mọ́.

Ìjókòó àkọ́kọ́ jẹ́ ti kòkòrò. Wọ́n á gún èrìgì lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, wọ́n á sì ta aṣọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan sí ẹnu, tí wọ́n dá ihò sí kí eyín yẹn nìkan lè yọ orí níbẹ̀. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rọ́bà yìí, torí òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń yẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀ tàbí tí ọmọ bá ń sunkún. Eyín tí kò tíì yọ tán kò ní ọrùn tí irin lè di mú dáadáa, nítorí náà ó lè gba kí wọ́n fi irin náà sára eyín ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fi okùn ìfọyín so ti àárín. Ó ń gba sùúrù. Ṣùgbọ́n itọ́ kún fún kòkòrò, ẹ̀kán kan péré tó bá wọ inú gbòǹgbò ti ba iṣẹ́ jẹ́. Níbi tí wọn kò bá ti lo rọ́bà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí.

Ihò tí wọ́n á lu wà lẹ́yìn eyín, ní apá ahọ́n. Nínú, wọn kò ní ha ògiri rárá tàbí kí wọ́n kàn fọwọ́ bà á fẹ́ẹ́rẹ́. Omi ni yóò ṣiṣẹ́: sodium hypochlorite ìwọ̀n 1.5%, mìlílítà 20, fún ìṣẹ́jú 5. Èròjà tó wà nínú Jik tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni, àmọ́ èyí tí wọ́n pò ní ìwọ̀n pàtó fún ẹnu, kò sì sí bí a ṣe lè fi ti ilé rọ́pò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń tú u jáde ní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní lórí, kí omi má bàa tú tààrà sí ìsàlẹ̀; wọ́n á dá a dúró ní nǹkan bíi 1 mm sí òpin gbòǹgbò, wọ́n á máa tì í díẹ̀díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ há mọ́ ògiri. Ẹ rántí ẹnu àrọ. Bí abẹ́rẹ́ bá há tí ẹni náà sì fagbára tì í, omi náà á tú sínú egungun, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ojú ọmọ á wú, ìrora á gbé e dìde lórí àga.

Kí ló dé tí wọn kò fi lo èyí tó lágbára jù, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbàlagbà? Torí pé àwọn tí a nílò ń gbé nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ní ẹnu àrọ yẹn, níta gbòǹgbò, ẹran kékeré kan wà tó kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́. Ẹ pè wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ tó ń dúró de ọ̀gá. Wọ́n lè yè níbi tí ọyún wà fún ìgbà díẹ̀, èyí tó ya àwọn olùwádìí gan-an lẹ́nu. Ṣùgbọ́n hypochlorite tó lágbára ju bó ṣe yẹ lọ ń pa wọ́n, ó sì ń ba ojú ògiri jẹ́ débi tí wọn ò fi ní lè dì í mú. Gbogbo ọgbọ́n ìtọ́jú yìí wà láàárín méjì: kó pa kòkòrò tán, kó má pa ọmọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fi omi iyọ̀ ṣàn án, wọ́n á fi bébà tín-ín-rín fa inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì fi oògùn sí i. Tẹ́lẹ̀, àpòpọ̀ oògùn apakòkòrò mẹ́ta ni: ciprofloxacin, metronidazole àti minocycline. Wọ́n máa ń pò ó ki bí ẹ̀kọ. Ó pa kòkòrò dáadáa, ó sì pa sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú wọn, minocycline tó wà nínú rẹ̀ sì sọ eyín di dúdú. Ẹ wo ohun tó jẹ́: wọ́n gba eyín iwájú là, ọmọ wá ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ẹni tó bá ṣì ń lò ó gbọ́dọ̀ fi omi là á gan-an, mílígíráàmù 1 sí 5 nínú mìlílítà kan, kó sì yẹra fún minocycline. Ọ̀pọ̀ ti padà sórí calcium hydroxide, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 péré, kì í ṣe fún oṣù méjìdínlógún ti àtijọ́. Èmi náà á yan èyí. Àwọn tó ń já kápúsù apakòkòrò dà sínú ihò eyín nílé, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ohun tí à ń sọ nìyí.

Wọ́n á dí ojú ihò náà fún ìgbà díẹ̀, nípọn 3 sí 4 mm. Bí èyí bá fẹ́lẹ́, á jò, kòkòrò á sì padà kí ọmọ tó délé. Ọ̀pọ̀ òbí ń gbàgbé ìjókòó kejì nítorí kókó ọyún máa ń parẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní. Ìdákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìjókòó kejì jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Tí kókó bá ṣì wà, tàbí tí ọyún ṣì ń jáde, wọ́n á tún fọ̀ ọ́, wọ́n á tún fi oògùn sí i. Kò sí ìdí láti kánjú. Tí ó bá mọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n á fi pa ẹnu lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀: mepivacaine 3% tí kò ní adrenaline. Adrenaline ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ la sì ń wá. Mo gbà pé àṣìṣe kékeré yìí wà lára ohun tó ń bà á jẹ́ jù, torí abẹ́rẹ́ tó ní adrenaline ni ó máa ń wà lórí tábìlì lójoojúmọ́, ọwọ́ á kàn lọ bá a.

Wọ́n á fi EDTA 17%, mìlílítà 20, ṣan inú rẹ̀, ó sì dára kó jẹ́ òun ni omi oògùn tó kẹ́yìn. Àwọn èròjà kan wà tí mùdùnmúdùn ti fi pamọ́ sínú ògiri eyín nígbà tó ń mọ ọ́n, tó ń ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì wá síbi iṣẹ́. EDTA ń fa kálísíọ́ọ̀mù kúrò lójú ògiri, àwọn èròjà náà á sì yọjú. Ògiri fúnra rẹ̀ á wá ké sí àwọn ọmọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á gbẹ, dókítà á mú irin tín-ín-rín kan tó ti tẹ̀ lórí díẹ̀, á tì í kọjá òpin gbòǹgbò ní 2 mm, á yí i lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Ọmọ lè ta gìrì díẹ̀, àmì rere ni, ohun ààyè ló kàn. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Pupa dúdú nísàlẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, á máa rọra kún bí omi kànga lẹ́yìn òjò, títí á fi dé ìsàlẹ̀ ọrùn eyín. Kó má kún jù, torí a nílò àyè 3 sí 4 mm lókè fún ohun tí a ó fi dí i. Wọ́n á dúró nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kó dì. Wọ́n lè fi kọ́lájìn pẹlẹbẹ kan lé e lórí bí ìdérí, kí sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ má bàa rì sínú rẹ̀. Ẹni tí MTA rẹ̀ rì dé àárín gbòǹgbò ti gba ilẹ̀ tí gbòǹgbò ì bá fi dàgbà.

MTA tàbí Biodentine, irú sìmẹ́ǹtì eyín mìíràn, á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà glass ionomer, ohun kan tí wọ́n fi ń dí eyín, lẹ́yìn náà ohun funfun tí a fi ń tún igun tó ṣẹ́ ṣe. MTA eléérú ń sọ eyín di dúdú, èyí tó funfun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí èròjà bismuth tó wà nínú rẹ̀ tó ń bá ẹ̀jẹ̀ àti hypochlorite jà. Fún eyín iwájú, Biodentine tàbí irú rẹ̀ tí kò ní bismuth ló yẹ kí a bèèrè.

Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá wá ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀. Bóyá ọyún ti jẹ ibẹ̀ tán, bóyá ìkọlù tí eyín gbà ti pọ̀ jù. Kí dókítà má ṣe máa gún un kiri títí ọmọ á fi kọ̀ ọ́. Kó fi MTA dí ìsàlẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, kó parí ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní oṣù 6, òkùnkùn inú egungun yẹ kó ti máa parẹ́. Láàárín oṣù 12 sí 24 ni a ó mọ̀ bóyá ògiri ń nípọn, bóyá gbòǹgbò ń gùn. Kí egungun san àti kí ọyún lọ ni a kọ́kọ́ ń wá. Kí gbòǹgbò dàgbà jẹ́ èrè lórí èyí. Kí eyín tún máa gbọ́ tútù jẹ́ ẹ̀bùn tí kò dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Orúkọ ìtọ́jú yìí ti ṣèlérí ju ohun tó lè san lọ. Nígbà tí wọ́n wo irú eyín bẹ́ẹ̀ lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ti ẹranko àti ti ènìyàn tí wọ́n yọ nítorí ìdí mìíràn, ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ mùdùnmúdùn tuntun. Ohun tó jọ egungun ni, àti ohun tó jọ sìmẹ́ǹtì àdáyébá tó máa ń bo ara gbòǹgbò. Bíríkìlà tó kú kò jí. Àwọn aládùúgbò ló wọlé wá rẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ògiri tí aládùúgbò rẹ́ ṣì nípọn ju èyí tí a kò rẹ́ lọ.

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ eyín ẹ̀gbẹ́. Aṣọ tín-ín-rín kan yí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò tó ń dàgbà ká, òun ló ń darí bí gbòǹgbò ṣe máa gùn àti ibi tó máa kọrí sí. Nínú eyín ẹ̀gbẹ́ tí orí rẹ̀ kàn sán, aṣọ náà wà láìfarapa. Nínú eyín iwájú tí ìṣubú tì wọnú egungun, tàbí tó fà á jáde, aṣọ náà lè ti ya. Ìdí nìyẹn tí eyín tí ìjàǹbá pa kì í fi dàgbà tó ti àwọn yòókù lẹ́yìn ìtọ́jú kan náà, kódà nígbà tí ọyún bá ti lọ tí egungun sì ti san. Òbí tí dókítà kò bá sọ èyí fún ṣáájú yóò rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Àwọn ìṣòro míì ń pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Ihò inú gbòǹgbò lè dí pátá pẹ̀lú nǹkan líle, èyí tí kì í ṣe wàhálà àyàfi tí kòkòrò bá tún wọ̀ ọ́, tí kò wá sí ọ̀nà láti wọlé. Ohun tí wọ́n fi dí òkè lè ṣẹ́ níbi bọ́ọ̀lù, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí. Torí náà ni wọ́n ṣe ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù 6, 12, 18 àti 24, kí a sì tún máa wò ó lọ́dọọdún títí ọdún márùn-ún fi pé.

Gbogbo èyí jẹ́ fún eyín tó ti kú. Èyí tó ṣẹ́ tí àmì pupa kékeré hàn láàárín rẹ̀ ṣì wà láàyè, ohun tó sì dára jù fún un rọrùn gan-an: wọ́n á gé nǹkan bíi 2 mm kúrò lórí mùdùnmúdùn náà, wọ́n á fi MTA tàbí calcium hydroxide bò ó, wọ́n á dí i, bíríkìlà àkọ́kọ́ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú wàhálà, èrè tó ju ti òkè yìí lọ. Ó kàn ń fẹ́ kí wọ́n tètè gbé ọmọ wá, ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Bí eyín bá já jáde pátápátá, orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ má ha á. Ẹ fi mílíìkì tàbí omi iyọ̀ ilé ìwòsàn ṣàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í padà sínú ihò rẹ̀, kí ọmọ rọra gé aṣọ mọ́ ọn. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ fi sínú mílíìkì olómi, kí ẹ máa sáré bọ̀. Kó má kọjá wákàtí kan ní gbígbẹ. Èyí kò kan eyín àkọ́kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin o. Ìyẹn, a kì í dá a padà, orí òrùlé ni ilé rẹ̀.

Ní ìhà wa, ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ọmọdé wà ní UCH Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn Fásitì Ifẹ̀ àti ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ gba ẹ̀dà àwòrán X-ray ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìṣubú, ọjọ́ ìtọ́jú àti ohun tí wọ́n fi dí i sórí bébà kan. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ yìí máa wọ ilé ìwé gíga ní ìlú míì, dókítà tí kò mọ ìtàn eyín náà á ya fọ́tò rẹ̀, á rí funfun kékeré lọ́rùn rẹ̀ àti gbòǹgbò tó dà bíi pé ó ṣófo nísàlẹ̀, á rò pé ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, á sì mú irin láti gbẹ́ ẹ jáde.